Ṣé òkùnkùn tó bò mí túmọ̀ sí pé Ọlọ́run ti fi mí sílẹ̀ ni?

Arábìnrin kan tó ń gbé ní Kúbwà l'Ábùjá ló kọ̀wé sí mi, ó ní kí n má dárúkọ òun. Mo gé ọ̀rọ̀ ẹ̀ kúrú díẹ̀, ohun tó kọ nìyí:

"Ẹ káàárọ̀ sà. Látìgbà tí ọkọ mi ti ṣaláìsí lọ́dún tó kọjá ni gbogbo nǹkan ti ṣókùnkùn fún mi. Mò ń gbàdúrà, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Nílé àdúrà tá à ń lọ, wọ́n ka 1 Jòhánù 1:5 fún mi, pé ìmọ́lẹ̀ ni Ọlọ́run, kò sì sí òkùnkùn kankan nínú rẹ̀, wọ́n ní tí òkùnkùn bá wà láyé mi a jẹ́ pé Ọlọ́run ò sí níbẹ̀ nìyẹn, kí n lọ wá ẹ̀ṣẹ̀ tí mo dá. Wọ́n tún ní kí n má pa iná sùn mọ́, torí inú òkùnkùn làwọn ọ̀tá ti ń ṣiṣẹ́. Ní báyìí tí NEPA bá ti mú iná lóru, àyà mi á já, màá dìde máa gbàdúrà títí ilẹ̀ á fi mọ́, àwọn ọmọ náà ò ní lè sùn. Ọjọ́ kan ni mò ń ka Ẹ́kísódù, mo dé 20:21, mo rí i pé inú òkùnkùn ni Mósè ti lọ bá Ọlọ́run. Ó rú mi lójú, sà. Èwo ni ká wá gbà?"

Ẹ kú ìrọ́jú o, arábìnrin mi. Olúwa á dúró ti ẹ̀yin àtàwọn ọmọ. Kí n tó dé orí ẹsẹ̀ Bíbélì, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dáhùn èyí tí mo rí pé ó ń dùn yín jù, tẹ́ ẹ ò tiẹ̀ kọ jáde tààrà, ìyẹn ni pé ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ Ọlọ́run ṣì ni yín. Òkùnkùn tó bò yín látìgbà tí bàbá àwọn ọmọ ti lọ kì í ṣe ẹ̀rí pé Ọlọ́run ti kọ̀ yín, kì í sì í ṣe ẹ̀rí pé ẹ̀ṣẹ̀ kan wà níbì kan tẹ́ ẹ ti gbàgbé. Ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ yín. Àwọn tó sọ̀rọ̀ yẹn fún yín, mi ò rò pé wọ́n ní ibi lọ́kàn, ẹsẹ̀ tí wọ́n kà náà sì wà nínú Bíbélì lóòótọ́, àmọ́ wọ́n fà á yọ níbi tó wà wọ́n wá lọ gbé e lé ẹni tí kò kàn lórí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní Bíbélì níbí ní Kàdúná, ní kíláàsì àti ní ilé àwọn ará ìjọ, àṣìṣe yìí wà lára àwọn tí mò ń bá pàdé jù, ohun tó sì ń dùn mí nípa ẹ̀ ni pé ẹni tí ẹkún ṣì wà lójú ẹ̀ ló máa ń já lé lórí.

Ibi tí wàhálà náà ti bẹ̀rẹ̀ ni pé tá a bá ti gbọ́ òkùnkùn nínú Bíbélì, a máa ń rò pé nǹkan kan ṣoṣo ni. Kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo rárá. Òkùnkùn kan wà tó jẹ́ ilẹ̀ tó ṣú lásán, tí Ọlọ́run fúnra ẹ̀ sọ ní òru. Òmíràn jẹ́ ìwà ibi téèyàn fọwọ́ ara ẹ̀ yàn. Ìyà àti ìbànújẹ́ tó dé báni láìjẹ́ pé a pè é náà, òkùnkùn ni Bíbélì ń pè é. Èyí táwa oníwàásù kì í sábà fẹ́ fọwọ́ kàn ni òkùnkùn tí Ọlọ́run fúnra ẹ̀ fi bo ara ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ pàápàá ò rí bá a ṣe ń rò ó, torí Pọ́ọ̀lù sọ nínú 2 Kọ́ríńtì 11:14 pé Sátánì máa ń pa ara dà bí áńgẹ́lì ìmọ́lẹ̀, nítorí náà kì í ṣe gbogbo ohun tó ń tàn ló ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá. Ẹni tó bá kó gbogbo èyí pọ̀ sójú kan, ó dájú pé á fi ẹsẹ̀ tó wà fún ọ̀dàlẹ̀ lu opó.

Ẹ jẹ́ ká wá ka Jòhánù yẹn dáadáa. Ẹsẹ̀ 5 ni wọ́n kà fún yín, wọn ò ka ẹsẹ̀ 6. Ẹsẹ̀ 6 ló ní tá a bá ń sọ pé a ní ìdàpọ̀ pẹ̀lú Ọlọ́run, tá a wá ń rìn nínú òkùnkùn, irọ́ là ń pa. Rírìn ni Jòhánù sọ, ìwà téèyàn ń hù ló ń bá wí, kò sọ nǹkan kan nípa ẹni tí ìbànújẹ́ bò mọ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá ka orí kejì, ẹsẹ̀ 9 sí 11, òun fúnra ẹ̀ ló ṣàlàyé òkùnkùn tó ní lọ́kàn: ẹni tó ní òun wà nínú ìmọ́lẹ̀ tó sì kórìíra arákùnrin ẹ̀, inú òkùnkùn ló ṣì wà, kò mọ ibi tó ń lọ, torí òkùnkùn ti fọ́ ọ lójú. Ìfẹ́ ni Jòhánù fi ń wọ̀n ọ́n. Kò béèrè bóyá ọkọ èèyàn wà láàyè, kò béèrè bóyá àdúrà èèyàn ń tètè gbà, kò sì béèrè bóyá inú èèyàn ń dùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ẹni tó bá jókòó sí pálọ̀ opó tó ń wá ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn, orí kejì yẹn ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ kà fún ara ẹ̀.

Nínú Ìhìn Rere Jòhánù náà, bákan náà lọ̀rọ̀ rí. Orí 3 ẹsẹ̀ 19 ní ìmọ́lẹ̀ wá sáyé, àwọn èèyàn sì fẹ́ràn òkùnkùn jù ú lọ torí iṣẹ́ wọn burú. Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ ni, wọn ò fẹ́ jáde níbẹ̀, torí wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ jáde tẹ́ ẹ tiẹ̀ kọ̀wé wá ìrànlọ́wọ́ kiri, báwo ni ẹsẹ̀ yẹn ṣe máa bá yín mu? Ẹ tún wo àwọn ọkùnrin méjì kan nínú ìwé náà. Nikodémù wá bá Jésù lóru. Júdásì dìde nídìí oúnjẹ, ó jáde lọ, Jòhánù wá fi kún un ní 13:30 pé ilẹ̀ ti ṣú. Òru kan náà ni, ṣùgbọ́n ọ̀kan ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ Jésù, èkejì ń kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀. Ẹni tó wá lóru yẹn náà ló tún ru òjíá àti álóè wá nígbà tí wọ́n fẹ́ sin Jésù, nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ti ń bá a rìn lójú ọ̀sán ti sá lọ. Tí Jòhánù bá ń sọ̀rọ̀ òkùnkùn, ibi téèyàn kọjú sí ló ń wò.

Èdè ọmọ ìmọ́lẹ̀ àti ọmọ òkùnkùn yìí, kì í ṣe ẹnu àwọn àpọ́sítélì ló ti kọ́kọ́ jáde o. Ní nǹkan bíi 1947 ni àwọn darandaran kan bá àwọn ìwé kíká àtijọ́ nínú ihò àpáta kan ní Qumran, lẹ́bàá Òkun Òkú, ìwé àwọn Júù kan tó ya ara wọn sọ́tọ̀ ni. Ọ̀kan nínú ìwé náà sọ̀rọ̀ ogun tí àwọn ọmọ ìmọ́lẹ̀ máa bá àwọn ọmọ òkùnkùn jà, òmíràn tó jẹ́ òfin ẹgbẹ́ wọn sì pàṣẹ pé kí wọ́n fẹ́ràn gbogbo ọmọ ìmọ́lẹ̀, kí wọ́n kórìíra gbogbo ọmọ òkùnkùn. Ẹ wá fi ìyẹn wé ti Jòhánù tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ kà. Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu àwọn méjèèjì, àmọ́ lójú Jòhánù, ìkórìíra fúnra ẹ̀ ni òkùnkùn ọ̀hún. Èmi tí mò ń gbé Kàdúná, mi ò lè ka èyí bí ẹni ń ka ìtàn lásán. Lẹ́yìn rògbòdìyàn Ṣàríà ọdún 2000, ọ̀pọ̀ Kristẹni kó lọ sí apá gúúsù ìlú, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kó lọ sí apá àríwá, odò wà láàárín wọn, mo sì ti gbọ́ àdúrà níbi tí wọ́n ti ń pe gbogbo ẹni tó wà ní òdìkejì odò ní ọmọ òkùnkùn. Àwa Yorùbá tá à ń gbé Àríwá yìí, ilé ta ni Mùsùlùmí ò sí? Àbúrò bàbá mi tó ń rán owó ọdún sí mi, ṣé òun náà ni wọ́n ń bá wí? Lóòótọ́, ará nínú ìjọ ni Jòhánù kọ́kọ́ ní lọ́kàn tó bá ní arákùnrin, mi ò ní fi ohun tí kò sọ sí i lẹ́nu. Àmọ́ Jésù ti sọ èyí tó kù nínú Mátíù 5, ó ní ká fẹ́ràn ọ̀tá wa, torí Bàbá wa ń mú oòrùn ẹ̀ ràn sára ẹni burúkú àti ẹni rere. Oòrùn tó jẹ́ ìmọ́lẹ̀ gbogbo ayé, Ọlọ́run ò yọ ẹnì kankan sílẹ̀ nínú ẹ̀.

Kí n tiẹ̀ sọ èyí kó tó bọ́ lọ́wọ́ mi, torí mo máa ń rí i nínú àwọn àwòrán tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri kíláàsì àwọn ọmọdé, níbi tí áńgẹ́lì ti funfun tí èṣù sì dúdú bí èèyàn wa. Òkùnkùn inú Bíbélì ò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú àwọ̀ ara. Ọmọ Kúṣì ni ìyàwó tí Mósè fẹ́, ìyẹn èèyàn dúdú, nígbà tí Míríámù sì sọ̀rọ̀ sí i nínú Númérì 12, ẹ̀tẹ̀ tó bo Míríámù, funfun bíi yìnyín ni Bíbélì pè é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá àwọn ọmọ yín sọ ọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ gílóòbù tí wọ́n ní ẹ ò gbọ́dọ̀ pa. Jẹ́nẹ́sísì orí kìíní ní òkùnkùn ti wà lójú ibú kí Ọlọ́run tó sọ pé kí ìmọ́lẹ̀ wà, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ sì dé, kò fi òkùnkùn bú, kò lé e kúrò láyé, ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni, ó sọ ìmọ́lẹ̀ ní ọ̀sán, ó sọ òkùnkùn ní òru. Ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ kìíní yìí, oòrùn ò tíì sí nígbà yẹn, ọjọ́ kẹrin ni oòrùn àti òṣùpá tó dé, ìyẹn ni pé ìmọ́lẹ̀ Ọlọ́run ò dúró de oòrùn, ká má tiẹ̀ wá sọ pé á dúró de NEPA. Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe ka ọjọ́ níbẹ̀, àṣálẹ́ ló ṣáájú, òwúrọ̀ tẹ̀ lé e, òru wà nínú ọjọ́ tí Ọlọ́run dá. Sáàmù 104 ní òun ló ń mú òkùnkùn wá kí ilẹ̀ lè ṣú, kí àwọn ẹran igbó lè jáde wá oúnjẹ, tí oòrùn bá sì yọ, èèyàn á jáde lọ síbi iṣẹ́ ẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Sáàmù 139 ní òkùnkùn ò ṣú lójú ẹ̀, bákan náà ni òru àti ọ̀sán rí sí i. Òru ló kó Ísírẹ́lì jáde ní Íjíbítì. Òru ni áńgẹ́lì wá sọ fún àwọn olùṣọ́ àgùntàn pé wọ́n ti bí Olùgbàlà. Ohun tí wọ́n fi lé yín lọ́wọ́ yẹn, pé òru jẹ́ ilẹ̀ ọ̀tá tí Ọlọ́run ò lè dé àfi tá a bá tan iná, kì í ṣe ẹ̀kọ́ Kristẹni, ẹ̀kọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mani ló sún mọ́, ẹni tó gbé ní ilẹ̀ ọba Páṣíà ní ọ̀rúndún kẹta lẹ́yìn Kristi, tó ní ìjọba ìmọ́lẹ̀ àti ìjọba òkùnkùn ti wà láti ayérayé, tí wọ́n sì ń bá ara wọn jà. Augustine tó di bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní àríwá Áfíríkà tẹ̀ lé àwọn ọmọ ẹ̀yìn Mani yìí fún bí ọdún 9 nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, kó tó padà lẹ́yìn wọn, ohun tó sì ń kọ́ni lẹ́yìn ìyẹn ni pé Ọlọ́run kan ṣoṣo ló dá ohun gbogbo, òkùnkùn ò ní ìjọba tirẹ̀ tó bá Ọlọ́run dọ́gba. Àìsáyà 45:7 ti sọ ọ́ tipẹ́, Ọlọ́run ní òun lòun dá ìmọ́lẹ̀, òun náà lòun dá òkùnkùn.

Mi ò sọ pé agbára òkùnkùn ò sí o. Éfésù 6:12 wà níbẹ̀, alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n sì wá mú Jésù, ó sọ fún wọn nínú Lúùkù 22:53 pé wákàtí wọn nìyí, àti agbára òkùnkùn. Ẹni tó bá ní kò sí ibi tó ń ṣiṣẹ́ láyé, kò ka Bíbélì dáadáa, kò sì gbé ìlú yìí pẹ́. Àmọ́ ẹ wo ohun tí Éfésù 6 náà ní ká fi dojú kọ ọ́, òtítọ́ ni, òdodo, ìgbàgbọ́, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run àti àdúrà. Kò sí fìtílà níbẹ̀. Tí iná kékeré bá ń fi àwọn ọmọ lọ́kàn balẹ̀ kí wọ́n lè sùn, ẹ tàn án, kò sí ohun tó burú níbẹ̀ rárá. Àwọn ìjọ Aládùúrà tó ń tan àbẹ́là síbi àdúrà náà, mi ò bá wọn jà, àmì ló jẹ́ fún wọn. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́ pé ààbò Ọlọ́run lórí ilé yín máa ń lọ tí iná bá lọ.

Ẹ wá jẹ́ ká dé orí Ẹ́kísódù 20:21, torí òun ni mo fẹ́ràn jù nínú lẹ́tà yín. Ọlọ́run ti sọ Òfin Mẹ́wàá tán, òkè ń rú èéfín, àrá ń sán, ẹ̀rù ba àwọn èèyàn, wọ́n dúró lókèèrè, Mósè sì sún mọ́ òkùnkùn biribiri níbi tí Ọlọ́run wà. Àwọn tó dúró lókèèrè ló wà níta gbangba. Ẹni tó sún mọ́ Ọlọ́run jù lọ́jọ́ yẹn ló wọnú òkùnkùn. Kì í sì í ṣe ibẹ̀ nìkan, nígbà tí Sólómọ́nì ya tẹ́ńpìlì sí mímọ́ nínú 1 Àwọn Ọba 8:12, ó ní Olúwa ti sọ pé inú òkùnkùn biribiri lòun máa gbé, Sáàmù 18 náà ní ó fi òkùnkùn ṣe ibi ìkọ̀kọ̀ ẹ̀.

Ṣé èyí ta ko 1 Jòhánù 1:5? Kò ta kò ó. Jòhánù ń sọ irú ẹni tí Ọlọ́run jẹ́, pé kò sí irọ́ nínú ẹ̀, kò sí ìkà nínú ẹ̀. Ẹ́kísódù ń sọ bó ṣe rí fún èèyàn ẹlẹ́ran ara tó bá sún mọ́ ọn, torí nínú ìwé kan náà ní 33:20, Ọlọ́run sọ fún Mósè pé kò sí ẹni tó máa rí òun tó máa yè, 1 Tímótì 6:16 sì ní inú ìmọ́lẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lè sún mọ́ ló ń gbé. Ẹ ti rí jórinjórin létí títì rí, iná tó ń jó irin yẹn, ẹ ò lè fojú lásán wò ó, gíláàsì dúdú ló máa fi bojú kó tó lè wò ó tí ojú ẹ̀ ò ní fọ́. Bí mo ṣe lóye òkùnkùn orí òkè Sínáì nìyẹn, pé ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ ju agbára ojú wa lọ ló wà níbẹ̀, àánú ni Ọlọ́run sì fi bò ó. Ìtumọ̀ tèmi ni o, ẹlòmíì lè gbà á lọ́nà mìíràn. Gregory ará Nyssa, bíṣọ́ọ̀bù kan ní ọ̀rúndún kẹrin, kọ̀wé lórí ìgbésí ayé Mósè, ó kíyè sí i pé inú ìmọ́lẹ̀ ni Mósè ti kọ́kọ́ pàdé Ọlọ́run, níbi igbó tó ń jó, lẹ́yìn náà ó di inú ìkùukùu, ìgbẹ̀yìn ni òkùnkùn wá dé. Ó ní béèyàn ṣe ń sún mọ́ Ọlọ́run sí i ló ń rí i pé Ọlọ́run kọjá ohun tí òye òun lè ká. Ẹnì kan lè mú Hébérù 12:18 wá, níbi tó ti ní kì í ṣe orí òkè tó ṣókùnkùn yẹn la wá, òkè Síónì la wá. Òótọ́ ni, májẹ̀mú tuntun ti ṣí ọ̀nà tí kò ṣí nígbà yẹn, ẹ̀rù tó lé àwọn èèyàn sẹ́yìn kò sí fún wa mọ́, ṣùgbọ́n Hébérù ò sọ pé Ọlọ́run ò sí nínú òkùnkùn tí Mósè wọ̀.

Òkùnkùn tiyín wá ńkọ́? Ó hàn sí mi pé ti Jóòbù lẹ wà nínú ẹ̀. Jóòbù ní Ọlọ́run dí ọ̀nà òun, ó fi òkùnkùn sí ipa ọ̀nà òun, ó ní òun lọ síwájú, òun padà sẹ́yìn, òun ò rí i. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ sọ ohun tí wọ́n sọ fún yín ní Kúbwà yẹn gẹ́lẹ́, pé kó lọ wá ẹ̀ṣẹ̀ tó dá. Nígbà tí Ọlọ́run sọ̀rọ̀ nígbẹ̀yìn, àwọn ọ̀rẹ́ yẹn ló bínú sí, ó ní wọn ò sọ ohun tó tọ́ nípa òun bí Jóòbù ìránṣẹ́ òun ti sọ. Ìdáhùn Ọlọ́run sí irú ìmọ̀ràn yẹn ti wà ní àkọsílẹ̀, Jóòbù 42:7, ẹ lè fi hàn wọ́n.

Nígbà kan mo lọ kí ìdílé kan ní Nyanya tí ọmọ wọn ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Yàrá náà kún, gbogbo ẹni tó bá dìde ń ka ẹsẹ̀ ìṣẹ́gun, ìyá ọmọ náà jókòó sílẹ̀ lórí ẹní, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Nígbà tó kàn mí, mo ka Sáàmù 88, mo kà á tán pátá, Sáàmù yẹn ò sì parí sí ìyìn, òkùnkùn ló parí sí, ẹni tó kọ ọ́ ní Ọlọ́run ti mú olùfẹ́ àti ọ̀rẹ́ jìnnà sí òun. Ṣàṣà ni Sáàmù tó parí báyẹn. Ìyá yẹn gbójú sókè, ó ní, "Ṣé ó wà nínú Bíbélì?" Mo ní ó wà níbẹ̀, mà. Ó ní kí n tún un kà. Nígbà tí mo kà á lẹ́ẹ̀kejì ló tó bú sẹ́kún, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ sì sọ fún mi níta pé látìgbà tí wọ́n ti gbé òkú náà kúrò ní ọsibítù, kò tíì sunkún. Ọlọ́run tó jẹ́ kí Sáàmù yẹn wà nínú ìwé ẹ̀, kò lè bínú sí ẹni tó bá fi ohùn yẹn gbàdúrà sí i.

Ẹsẹ̀ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú jù ni Àìsáyà 50:10. Ó béèrè ta ló wà nínú yín tó bẹ̀rù Olúwa, tó ń gbọ́ ohùn ìránṣẹ́ ẹ̀, tó sì ń rìn nínú òkùnkùn tí kò ní ìmọ́lẹ̀. Ẹ tún un kà dáadáa. Ẹni tó bẹ̀rù Olúwa ni, ó ń gbọ́ràn, inú òkùnkùn ló sì wà. Bíbélì kó méjèèjì pọ̀ sára èèyàn kan náà, kò sì bá a wí, ó kàn ní kó gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ Olúwa, kó fẹ̀yìn ti Ọlọ́run ẹ̀. Àwọn tí ẹsẹ̀ 11 bá wí ni àwọn tí ò lè mú sùúrù, tí wọ́n dá iná tara wọn tí wọ́n ń fi iná náà rìn. Ọkàn mi máa ń lọ sórí àwọn tó ń ta òróró àti àkànṣe àdúrà fún àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ tí mo bá dé ẹsẹ̀ yẹn, ẹ ṣọ́ra fún wọn, ẹ má fi owó ilé ìwé àwọn ọmọ ra ìmọ́lẹ̀. Ká tiẹ̀ fi gbogbo ìyẹn sílẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n kan Jésù mọ́gi, òkùnkùn bo gbogbo ilẹ̀ fún wákàtí 3, láti ọ̀sán gangan, inú ẹ̀ ló ti kígbe pé Ọlọ́run òun, èé ṣe tó fi kọ òun sílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó wà nínú òkùnkùn ló máa ń fà á, èwo ni ti Jésù?

Ẹ ó wá ní, Jésù ńkọ́ tó ní ẹni tó bá tẹ̀ lé òun kò ní rìn nínú òkùnkùn, Jòhánù 8:12? Ó dáa kéèyàn mọ ibi tó ti sọ ọ́. Àsìkò Àjọ̀dún Àgọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn wáyé, àjọ̀dún tí wọ́n fi ń rántí ìgbà tí wọ́n wà nínú aṣálẹ̀. Ìwé Mishna tí àwọn Júù kó jọ ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn Kristi ní nígbà àjọ̀dún yẹn, wọ́n máa ń tan àwọn ọ̀pá fìtílà oníwúrà ńláńlá ní Àgbàlá Àwọn Obìnrin nínú tẹ́ńpìlì, àwọn ọmọ àlùfáà á gun àkàsọ̀ lọ da òróró sí i, aṣọ àlùfáà tó ti gbó ni wọ́n ń ya fi ṣe òwú fìtílà, kò sì sí àgbàlá kan ní Jerúsálẹ́mù tí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ kì í dé. Inú àgbàlá yẹn ni ibi ìṣúra wà, Jòhánù sì ní ibi ìṣúra ni Jésù ti sọ̀rọ̀ náà. Àwọn tó ń gbọ́ ọ á ti rántí ọwọ̀n iná tó ń ṣáájú Ísírẹ́lì lóru. Ọwọ̀n iná yẹn ò sọ òru di ọ̀sán, kò sì sọ aṣálẹ̀ di ìlú. Ó ń lọ níwájú wọn ni, ibi tó bá dúró sí, wọ́n á dúró. Ohun tí Jésù ṣèlérí ni pé ẹni tó bá tẹ̀ lé òun kò ní ṣìnà, kò ṣèlérí pé ilẹ̀ ò ní ṣú. Ìgbà tí òru ò ní sí mọ́ ń bọ̀ lóòótọ́, Ìfihàn 22:5 sọ ọ́, àmọ́ a ò tíì débẹ̀.

Ní ti ohun tẹ́ ẹ máa ṣe, mi ò mọ ìdí tí ọkọ yín fi kú, mi ò sì ní ṣe bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Tí ẹ̀ṣẹ̀ kan bá wà tẹ́ ẹ mọ̀ dájú, ẹ jẹ́wọ́ ẹ̀ fún Ọlọ́run, 1 Jòhánù 1:9 ní á dárí ẹ̀ jì, ó tán nìyẹn. Ẹ má wá máa tú ẹ̀yìn yín wò kiri bí ẹni ń wá nǹkan tó sọnù. Ẹ dín ìṣọ́ òru inú ilé yẹn kù, ẹ jẹ́ káwọn ọmọ sùn, ẹ̀yin náà ẹ sùn, torí Sáàmù 127 ní Ọlọ́run máa ń fún olùfẹ́ ẹ̀ lóorun. Ẹ bá olórí ilé àdúrà yẹn sọ̀rọ̀ ní ẹ̀yin méjì péré, ẹ ka 1 Jòhánù 2:9 àti Àìsáyà 50:10 fún un. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kàn ń sọ ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì ni, ó lè gbà. Mi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ tètè kúrò níbẹ̀, torí àwọn kan náà lè jẹ́ àwọn tó ń bá yín mú ọmọ lọ sí ilé ìwé, ìyẹn ò sì kéré fún opó tó ń gbé jìnnà sí àwọn èèyàn ẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá kọ̀ tó tún ń wá ẹ̀ṣẹ̀ sí yín lọ́rùn níwájú èèyàn, ẹ wá ibòmíràn, ṣọ́ọ̀ṣì Yorùbá ò wọ́n ní Kúbwà. Èyí tó kù, kì í ṣe iṣẹ́ mi, àmọ́ mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Àyà tó ń já báyẹn, oorun tí kò wá láti ọdún tó kọjá, tó bá tún jẹ́ pé oúnjẹ ò wọlé mọ́, tàbí tó bá ń ṣe yín bíi pé kẹ́ ẹ tẹ̀ lé bàbá àwọn ọmọ lọ, ẹ má dúró de àdúrà nìkan, ẹ lọ sí ọsibítù lọ́sẹ̀ yìí, ẹ sọ gbogbo ẹ̀ fún dókítà bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi. Tí wọ́n bá fún yín lóògùn, ẹ lò ó, kò túmọ̀ sí pé ìgbàgbọ́ yín kéré. Ẹ mú àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ kan dání kó bá yín gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ.